Òjé inú ìbọn: májèlé tí ọdẹ àti ọmọ ogun lè gbé wọlé láìmọ̀

Ẹnikẹ́ni tó bá rí ìbọn ló mọ̀ pé ẹnu rẹ̀ ni ewu wà. Bí wọ́n bá ti yọ ọta kúrò nínú rẹ̀, tí onítọ̀hún sì jókòó sí àgbàlá láti nù ún, ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ewu ti kọjá nìyẹn. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Eruku aláwọ̀ eérú tí ń jáde láti inú ihò ìbọn nígbà tí wọ́n bá ń nù ún ní òjé nínú, òjé sì jẹ́ májèlé tí kì í pariwo. Ó lè bá ọwọ́, aṣọ àti àkísà wọ yàrá, kí ó sì dé ẹnu ọmọ tí kò tíì mọ ohun tí ń jẹ́ ìbọn.

Ní ìlú Zaria, ní ìpínlẹ̀ Kaduna, ọ̀rọ̀ yìí kan ọ̀pọ̀ ìdílé. Ibẹ̀ ni Depot àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ Nàìjíríà wà, ní bárékè Chindit, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà sí iṣẹ́ ológun. Ìlú náà ni Nigerian Military School, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1954, fìdí kalẹ̀ sí. Ní ìlú Kaduna, tó jẹ́ olú ìlú ìpínlẹ̀ náà, ni ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ń ṣe ohun ìjà, DICON, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1964. Yàtọ̀ sí àwọn ológun, àwọn ọdẹ tí àwọn Hausa ń pè ní maharba ń gbé ṣakabùlà wọ igbó, àwọn fijilanté sì ń fi ìbọn ṣọ́ àdúgbò lóru. Gbogbo wọn ló ní láti máa nu ìbọn wọn, nítorí pé ìbọn tí a kò bá nù yóò dípẹtà, èyí tó bá sì ti dípẹtà lè ṣe olówó rẹ̀ léṣe.

Báwo ni òjé ṣe ń lẹ̀ mọ́ inú ìbọn?

Òjé kì í ṣe àjèjì sí ọmọ Yorùbá. Òun ni àwọn olórìṣà Ọbàtálá fi ń ṣe ẹ̀gbà ọwọ́. Ó wúwo, ó sì rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí èékánná fi lè ha á. Ìwọ̀n ooru 327 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni ó ti ń yọ́, iná igi lásán sì lè mú irú ooru bẹ́ẹ̀ wá. Ìdí nìyí tó fi rọrùn fún àwọn ènìyàn láti yọ́ ọ nínú ìkòkò, kí wọ́n sì dà á sínú ohun tí yóò sọ ọ́ di ọta.

Nígbà tí ẹ̀tù bá gbiná nínú ìbọn, ooru rẹ̀ ju èyí tí òjé lè gbà lọ ní ìlọ́po mélòó kan. Bí ọta náà ṣe ń sáré jáde, ara rẹ̀ yóò máa ha ògiri ihò ìbọn, díẹ̀ nínú rẹ̀ yóò sì lẹ̀ mọ́ ibẹ̀. Bí ọta bá kéré ju ihò lọ, ooru ẹ̀tù yóò gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, yóò sì yọ́ etí rẹ̀. Bí inú ìbọn bá ti dípẹtà, tí kò dán mọ́, òjé tí yóò fi sílẹ̀ níbẹ̀ á pọ̀ sí i. Diẹ̀ díẹ̀ ni yóò máa nípọn, títí ọta kò fi ní lọ tààrà mọ́. Bí wọ́n bá sì fi í sílẹ̀ pẹ́ jù, ó lè fún ọ̀nà ọta pa, kí agbára ẹ̀tù wá ju èyí tí irin ìbọn lè gbà lọ.

Ọ̀pọ̀ ọta tí àwọn ológun òde òní ń lò ní èèpo bàbà lára. Ọmọ ilẹ̀ Switzerland kan tó ń jẹ́ Eduard Rubin ni ó gbé irú ọta bẹ́ẹ̀ jáde ní ọdún 1882. Bàbà ni ó sábà máa ń lẹ̀ mọ́ inú ìbọn tí ń yin irú rẹ̀. Síbẹ̀, òjé kò kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà. Nínú ọ̀pọ̀ ọta wọ̀nyí, èèpo bàbà kò bo ìdí ọta, òjé inú rẹ̀ sì hàn síta. Bákan náà, èròjà tó wà ní ìdí katíríìjì, èyí tí ń tanná sí ẹ̀tù, sábà máa ń ní àdàlù òjé tí wọ́n ń pè ní lead styphnate. Nígbàkígbà tí ìbọn bá dún, díẹ̀ nínú rẹ̀ yóò di èéfín àti eruku, yóò bà lé ọwọ́, ojú àti aṣọ ẹni tó yìn ín, ìyókù yóò sì wà nínú ihò ìbọn de ẹni tí yóò nù ún.

Ọ̀nà tí ó ń gbà wọ ara

Irú òjé tó wà nínú ìbọn kì í fi bẹ́ẹ̀ gba awọ ara wọlé. Ẹnu àti imú ni ọ̀nà rẹ̀. Ẹni tó bá fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ha inú ìbọn ń fa eruku náà símú. Ẹni tó bá fi ẹnu fẹ́ atẹ́gùn sínú ihò ìbọn láti lé ìdọ̀tí jáde, gẹ́gẹ́ bí àwọn kan ti máa ń ṣe, ti gbé ẹnu lé májèlé. Bí ó bá sì ti nu ìbọn tán, tó pa obì jẹ, tó mu sìgá, tàbí tó ki ọwọ́ bọ tùwó láìfọ̀ ọ́, òjé ti bá oúnjẹ wọ inú rẹ̀ nìyẹn.

Àwọn ọmọdé ni ọ̀rọ̀ náà le fún jù. Wọ́n ń rá lórí ilẹ̀, wọ́n sì ń ki gbogbo ohun tí ọwọ́ wọn bá tẹ̀ sẹ́nu. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé bí àgbàlagbà àti ọmọdé bá gbé ìwọ̀n òjé kan náà mì, èyí tí ara ọmọdé yóò fà mọ́ra lè tó ìlọ́po mẹ́rin tàbí márùn-ún ti àgbàlagbà. Aṣọ tí bàbá wọ̀ lọ sí pápá ìyìnbọn, tí ìyá wá kó pọ̀ mọ́ aṣọ ọmọ nínú agbada ìfọṣọ, ti tó láti gbé e dé ara ọmọ. Ní Zaria, nígbà ọyẹ́, tí ilẹ̀ gbẹ tí afẹ́fẹ́ sì ń gbé eruku káàkiri, eruku tó bọ́ sílẹ̀ ní igun àgbàlá kan kì í dúró sí igun náà.

Ohun tí òjé ń ṣe nínú ara

Ara ènìyàn kò ní ohun kankan tó ń fi òjé ṣe. Ṣùgbọ́n òjé jọ kálísíọ́ọ̀mù, èròjà tí ń mú eegun le, lójú ara, nítorí náà ara á gbà á wọlé, á sì tọ́jú rẹ̀ sínú eegun. Òjé inú ẹ̀jẹ̀ lè dín kù sí ìdajì láàárín nǹkan bí oṣù kan bí ẹni náà bá ti kúrò níbi tó ti ń kó o. Èyí tó ti wọ eegun lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí obìnrin bá lóyún, òjé tó ti wà nínú eegun rẹ̀ láti ìgbà pípẹ́ lè tún jáde sínú ẹ̀jẹ̀, kí ó sì dé ọ̀dọ̀ ọmọ inú rẹ̀.

Lára àgbàlagbà, òjé lè fa ẹ̀jẹ̀ ríru, ó lè ba kíndìnrín jẹ́, ó lè dín agbára ọkùnrin láti bímọ kù, ó sì lè mú kí oyún bàjẹ́ lára obìnrin. Inú rírun, àìlèyàgbẹ́ dáadáa, orí fífọ́, àárẹ̀, oríkèé ríro àti ìgbàgbé wà lára àwọn àmì rẹ̀. Àwọn àmì wọ̀nyí jọ ti ibà àti ti ọgbẹ́ inú, ó sì rọrùn kí ènìyàn máa lo oògùn ibà fún ohun tí kì í ṣe ibà. Lára ọmọdé, ọpọlọ ni òjé ń bá jà. Ó lè jẹ́ kí ọmọ má lè kọ́ ẹ̀kọ́ bí ẹgbẹ́ rẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ má tó, kí etí rẹ̀ má gbọ́ràn dáadáa. Bó bá pọ̀ jù, gìrì yóò gbé e, ó sì lè kú.

Àjọ WHO sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan nínú ẹ̀jẹ̀ tí a mọ̀ pé kò léwu. Ní ọdún 2021, àjọ tí ń dènà àrùn ní Amẹ́ríkà, CDC, sọ ọ́ di máíkírógíráàmù 3.5 nínú dẹ̀sílítà ẹ̀jẹ̀ kan, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́wàá lítà, gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n tí àwọn dókítà yóò ti máa wá ibi tí ọmọ ti ń kó òjé. Ìwádìí tí àjọ UNICEF àti Pure Earth gbé jáde ní ọdún 2020 fi hàn pé ọmọ kan nínú mẹ́ta lágbàáyé, nǹkan bí 800 mílíọ̀nù, ní tó máíkírógíráàmù 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ẹ̀jẹ̀.

Ní ti àwọn tí ń fi ìbọn ṣiṣẹ́, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, lábẹ́ National Research Council, yẹ ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ pápá ìyìnbọn ológun wò ní ọdún 2012. Òfin tí orílẹ̀-èdè náà ti ń lò láti ọdún 1978 gba máíkírógíráàmù 40 láyè nínú ẹ̀jẹ̀ òṣìṣẹ́. Ìgbìmọ̀ náà rí i pé òjé ti ń ṣe ìpalára fún ara kí ó tó dé ibẹ̀, wọ́n sì sọ pé òfin náà kò tó láti dáàbò bo àwọn òṣìṣẹ́.

Ẹ̀kọ́ tí Zamfara kọ́ gbogbo ènìyàn

Ẹni tó bá rò pé òjé kò lè ṣe tó bẹ́ẹ̀, kí ó rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Zamfara, tí ọ̀nà Funtua àti Gusau so pọ̀ mọ́ Zaria. Ní ọdún 2010, àwọn dókítà àjọ Médecins Sans Frontières rí i pé àwọn ọmọdé ń kú ní àwọn abúlé bí Dareta àti Yargalma. Ìrora inú àti gìrì ni wọ́n kọ́kọ́ rí. Àyẹ̀wò fi hàn pé òjé ni. Àwọn ará abúlé náà ń wa wúrà, òjé sì wà nínú òkúta wúrà náà. Wọ́n ń gbé òkúta náà wálé, wọ́n ń lọ̀ ọ́, eruku rẹ̀ sì bo àgbàlá tí àwọn ọmọ ti ń ṣeré.

Nínú àwọn ọmọdé tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò ní abúlé méjì àkọ́kọ́, 97 nínú ọgọ́rùn-ún ni òjé ẹ̀jẹ̀ wọn ti tó máíkírógíráàmù 45 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìwọ̀n tí wọ́n ti ń fún ọmọ ní oògùn tí ń fa òjé jáde. Ó lé ní 400 ọmọ tó kú ní ìpínlẹ̀ náà. Ní ọdún 2015, ọmọ 28 tún kú irú ikú bẹ́ẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Niger.

Òjé tó wà nínú ihò ìbọn kan kò tó ti abúlé tí wọ́n ti ń lọ òkúta. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí májèlé náà gbà délé kò yàtọ̀. Bàbá lọ síbi iṣẹ́, ó gbé iṣẹ́ wálé, eruku iṣẹ́ sì dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Àwọn dókítà tó ṣiṣẹ́ ní Zamfara tún rí i pé oògùn nìkan kò tó. Bí ọmọ bá gba ìtọ́jú, tó sì padà sí àgbàlá tí wọn kò tíì kó eruku rẹ̀ kúrò, òjé yóò tún wọ ara rẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi kọ́kọ́ ń gbẹ́ erùpẹ̀ àgbàlá dànù kí wọ́n tó fún ọmọ ní oògùn.

Bí ó ṣe yẹ kí wọ́n nu ìbọn

Ohun àkọ́kọ́ ni kí ẹni tó fẹ́ nu ìbọn rí i dájú pé ọta kò sí nínú rẹ̀. Ṣakabùlà ṣòro láti mọ̀, nítorí ẹnu rẹ̀ ni wọ́n ti ń ki í. Àwọn ọdẹ tó mọṣẹ́ máa ń ti ọ̀pá ìkìbọn wọ inú rẹ̀ títí yóò fi kanlẹ̀, wọ́n á fi ọwọ́ sàmì síbi tí ẹnu ìbọn dé lára ọ̀pá, lẹ́yìn náà wọ́n á gbé ọ̀pá náà lé ẹ̀gbẹ́ ìbọn láti wò bóyá ó dé ìdí. Bí kò bá dé ìdí, nǹkan wà nínú rẹ̀. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni yọjú wo inú ṣakabùlà láti ẹnu rẹ̀.

Ìta gbangba ni ó yẹ kí wọ́n ti nu ìbọn, níbi tí afẹ́fẹ́ yóò ti fẹ́ kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó ń nù ún, tó sì jìnnà sí ibi ìdáná, kànga àti ibi tí ọmọdé ń ṣeré. Kí wọ́n tẹ́ bébà tàbí ọ̀rá sílẹ̀ tí wọn yóò ká dànù lẹ́yìn iṣẹ́. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà àti ìbòmú tó dára yóò ṣe ìrànlọ́wọ́. Aṣọ kan ṣoṣo ni kí wọ́n máa lò fún iṣẹ́ náà.

Nínú ṣakabùlà, iyọ̀ àti èédú ẹ̀tù ni wọ́n kọ́kọ́ ń fọ̀ kúrò. Omi gbígbóná àti ọṣẹ tó fún èyí, nítorí omi lè tú u. Lẹ́yìn èyí ni òjé kù, omi kò sì lè tu òun. Wọ́n á ta epo ìnubọn sínú ihò náà, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí ó rin ín. Búrọ́ọ̀ṣì onídẹ tó bá ihò ìbọn mu ni wọn yóò fi ha òjé náà, nítorí idẹ rọ̀ ju irin ìbọn lọ, kò sì ní ba inú rẹ̀ jẹ́. Bí ìbọn bá ṣeé ṣí láti ìdí, ìdí ni kí ọ̀pá ìnubọn ti wọlé, kí ó sì gba ẹnu jáde. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò máa ti àkísà kéékèèké kọjá nínú rẹ̀ títí èyí tó jáde kẹ́yìn yóò fi mọ́. Epo díẹ̀ ni wọn yóò fi parí iṣẹ́, kí ìpẹtà má bàa mú un.

Ohun pàtàkì tó wà nínú gbogbo rẹ̀ ni pé kí inú ìbọn máa tutù nígbà tí wọ́n bá ń ha á. Òjé tó bá ti rin fún epo yóò bá àkísà jáde, èyí tó gbẹ ni afẹ́fẹ́ ń gbé. Kí wọ́n di àwọn àkísà náà sínú ọ̀rá, kí wọ́n má sì sun wọ́n, nítorí iná kì í pa òjé. Kí wọ́n má fi ìgbálẹ̀ gbá ibẹ̀ ní gbígbẹ. Àkísà tútù ni kí wọ́n fi nù ún. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n fi omi tútù àti ọṣẹ wẹ ọwọ́, ìgbọ̀nwọ́ àti ojú, kí wọ́n bọ́ aṣọ iṣẹ́ náà sílẹ̀ lẹ́yìn ilé, kí wọ́n sì fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀. Ìgbà yìí ni wọ́n tó lè gbé ọmọ tàbí jókòó sídìí oúnjẹ.

Ohun tó yẹ kí wọ́n yàgò fún

Àwọn kan máa ń po fínígà pọ̀ mọ́ hydrogen peroxide láti fi tú òjé inú ìbọn. Lóòótọ́ ni àdàlù yìí ń tú òjé, ṣùgbọ́n ohun tí òjé náà ń dà ni iyọ̀ òjé tí ń yọ̀ nínú omi, tó sì ń dùn lẹ́nu bí ṣúgà. Májèlé tí wọ́n lè fi ìbòmú yẹra fún ti wá di èyí tí ọmọ lè mu nínú ife. Àdàlù náà tún lè jẹ irin ìbọn fúnra rẹ̀.

Yíyọ́ òjé láti inú bátìrì ọkọ̀ àtijọ́ láti fi ṣe ọta tún léwu ju nínu ìbọn lọ. Eruku bátìrì àti èéfín ìkòkò náà ń lọ jìnnà. Bí wọ́n bá ṣe é nínú agboolé, gbogbo agboolé ni yóò pín in.

Òjé tó wà nínú ẹran ìgbẹ́

Àwọn àgbà máa ń sọ pé bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ tó ro ìyà, bó bá pa ẹran, kò ní fún ẹnikẹ́ni jẹ. Síbẹ̀ ọdẹ ń pín ẹran, ó sì yẹ kí ohun tí ó ń pín mọ́. Nígbà tí ọta òjé bá ba ẹran, ó máa ń fọ́ sí wẹ́wẹ́, àwọn mìíràn kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò fi lè rí wọn. Sísè kì í pa á. Ní ọdún 2012, àjọ tí ń rí sí oúnjẹ ní Britain kìlọ̀ pé kí àwọn tí ń jẹ ẹran tí wọ́n fi ọta òjé pa lemọ́lemọ́ dín in kù, pàápàá jù lọ àwọn ọmọdé àti àwọn aláboyún. Amẹ́ríkà ti fi òfin de ọta òjé fún ọdẹ ẹyẹ omi láti ọdún 1991, ilẹ̀ Denmark sì fi òfin de àwọn hóró òjé inú katíríìjì ọdẹ ní ọdún 1996. Ọdẹ tó bá pa ẹran lè gé ibi tí ọta gbà wọlé àti ẹran tó yí i ká sọnù, kí ó má sì fi í fún ajá jẹ.

Bákan náà ni ó yẹ kí àwọn ìyá rántí pé òjé wà nínú ọ̀pọ̀ tìróò tí àwọn Hausa ń pè ní kwalli. Ní ọdún 2011, wọ́n rí òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọwọ́ kan ní ìlú Boston, ní Amẹ́ríkà. Tìróò tí wọ́n mú wá láti Nàìjíríà ni wọ́n fi lé e lójú, ó sì lé ní 80 nínú ọgọ́rùn-ún tìróò náà tó jẹ́ òjé. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ ń nu ìbọn nínú ilé, tí ìyá rẹ̀ sì ń fi tìróò lé e lójú, ń gba òjé lọ́nà méjì.

Ta ló yẹ kó lọ fún àyẹ̀wò?

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nìkan ló lè fi ìwọ̀n òjé inú ara hàn. Ó yẹ kí àwọn olùkọ́ pápá ìyìnbọn, àwọn tí ń tún ìbọn ṣe, àwọn alágbẹ̀dẹ tí ń yọ́ òjé àti àwọn ọdẹ tí ń nu ìbọn lemọ́lemọ́ bá dókítà sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ní Zaria, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ahmadu Bello wà ní Shika. Ilé ìwòsàn yòówù tí ènìyàn bá lọ, ohun tó ṣe pàtàkì jù ni kí ó sọ iṣẹ́ tí ó ń ṣe fún dókítà. Dókítà tí kò mọ̀ pé ìbọn ni aláìsàn ń nù lè máa wá ibà kiri.

Bí wọ́n bá rí òjé nínú ẹ̀jẹ̀, ìtọ́jú àkọ́kọ́ ni kí wọ́n dá ẹni náà dúró níbi tó ti ń kó o. Oúnjẹ tó ní kálísíọ́ọ̀mù àti èròjà tí ń fún ẹ̀jẹ̀ lókun, bí wàrà, ẹja, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́, ń dín òjé tí ara ń gbà kù. Dókítà nìkan ló lè pinnu bóyá ó yẹ kí wọ́n lo oògùn tí ń fa òjé jáde. Àgbo tàbí oògùn tí ènìyàn rà fúnra rẹ̀ ní ọjà kò lè ṣe iṣẹ́ yìí.

Nínu ìbọn jẹ́ ara iṣẹ́ ọdẹ àti iṣẹ́ ológun, kò sì sí ẹni tó ní kí wọ́n pa á tì. Ohun tí àwọn onímọ̀ ìlera ń bẹ̀bẹ̀ fún ni epo díẹ̀ nínú ihò ìbọn, ọṣẹ díẹ̀ lọ́wọ́, àti kí aṣọ iṣẹ́ má kọjá ẹnu ọ̀nà. Ọmọ tó sáré wá pàdé bàbá rẹ̀ láti igbó tàbí láti bárékè kò mọ ohun tó wà lára aṣọ náà. Bàbá ló mọ̀, òun náà ló sì yẹ kó kọ́kọ́ bọ́ ọ sílẹ̀ kí ó tó dì mọ́ ọmọ rẹ̀.